Ta Ni A Kéde Fún?

Láyé àtijọ́, bí ọba bá ní ọ̀rọ̀ fún ìlú, akéde a mú agogo, a sì kiri láti àdúgbò dé àdúgbò. Iṣẹ́ tí a rán an kì í parí nígbà tó bá lu agogo. Ìgbà tí arúgbó tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bá gbọ́ ọ yé, tó sì lè rò ó fún ará ilé, ni iṣẹ́ tó parí. Bí kò bá sì yé e, a pe akéde padà, a ní, "Tún un wí, ọmọ mi." Mo fẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ ìkéde inú ọkọ̀ ojú irin tuntun Èkó wò, nítorí ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ: nígbà tí a bá ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ pọ̀, gbèsè wo ni a jẹ ẹni tí kò gbọ́ wa yé?

Ní ọjọ́ 15, oṣù Ọ̀wàrà, 2024 ni ojú irin tí a ń pè ní Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ìdíkọ̀ 8 ni ó ní láti ààlà Ìpínlẹ̀ Ògùn dé Òyìngbò, ti Òṣòdì ni ó sì sún mọ́ àwọn ará Ìsọlọ̀ àti Máfolúkù jù. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni a kọ́kọ́ kan àwọn ọkọ̀ Talgo tí ń ná an fún. Wisconsin kò lò wọ́n, Èkó sì rà wọ́n ní 2022. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Aṣọ tí a rán fún ẹlòmíràn ṣeé wọ̀, bí a bá rántí gé e mọ́ ara wa.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ìyá oníṣòwò kan láti Ìsọlọ̀, tí kò kàwé, tó ń lọ ná ọjà Òyìngbò. Nínú dánfó, kọ̀ǹdọ́ ni akéde rẹ̀. Kọ̀ǹdọ́ a ké "Òṣòdì Òkè!", a ké "Ó wà o!" kí awakọ̀ lè dúró, ìyá kò sì nílò lẹ́tà kan ṣoṣo. Bí ó bá bi í pé ṣé ọkọ̀ yóò dúró ní Mùṣín, yóò dá a lóhùn, bóyá pẹ̀lú èébú. N kò pe kọ̀ǹdọ́ ní olóòótọ́ o! Ẹni tó bá ti wọ dánfó rí mọ̀ pé owó ọkọ̀ lè lé sí i láàrin ọ̀nà, àti pé ọkọ̀ lè já èrò sílẹ̀ láì tíì débi tó ní òun ń lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ kọ̀ǹdọ́ ní ẹni tí a lè dì mú nítorí rẹ̀. Ohùn tí a ti gbà sínú ẹ̀rọ kò lójú, kò létí. Wọ́n ní ọjà Òyìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Òyìngbò náà kò mọ̀ pé ẹnìkan kò sọ̀.

Àwọn kan yóò ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ìgbàlódé, kí ó fọgbọ́n gbé e. N kò gbà. Láàrin àwọn tó mọ ara wọn ni òwe yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Àjèjì kò ní ohun tí yóò fi kún àbọ̀ ọ̀rọ̀ kó tó di odidi, pàápàá bí ọ̀rọ̀ náà bá kan ẹ̀mí: ilẹ̀kùn fẹ́ pa dé, ẹ má ṣe kọjá ìlà etí pèpéle, ọkọ̀ Ìbàdàn, tó ń gba ojú irin kan náà, ń kọjá bọ̀.

Wọ́n tún lè bi wá pé, bí a bá fi Yorùbá kéde, Ìgbò ńkọ́? Haúsá ńkọ́? Ẹ̀gùn tó jẹ́ onílẹ̀ ní Àgbádárìgì ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n kí a wá fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́ kì í ṣe ìdáhùn. Ní Hong Kong, èdè mẹ́ta ni wọ́n fi ń kéde nínú ọkọ̀ ojú irin wọn, Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára wọn. Èdè tó bá pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lójú ọ̀nà kan ni ó yẹ kó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Ní Òṣòdì, Yorùbá ni.

Ti pátákó yàtọ̀ díẹ̀. Ọfà àti àwòrán a máa ran ẹni tí kò kàwé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ìpàdé àkọtọ́ tó wáyé ní Èkó ní 1875 títí dé àkọtọ́ 1974 tí ìjọba fọwọ́ sí, ojú ṣì ń rí "Oshodi" àti "Ikeja". Onílé kò ní tìtorí èyí ṣìnà. Ẹni tí yóò ka orúkọ náà sínú ẹ̀rọ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí bí àjèjì bá ka orúkọ tí kò ní àmì ohùn, ìlú mìíràn ni yóò pè. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 sì ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Níbo ni ọmọ náà yóò ti rí ohun tó kọ́ kà, bí kò bá sí lára pátákó?

Ẹnìkan lè sọ pé ènìyàn rere kò wọ́n nínú ọkọ̀, pé ọmọ tó jókòó ti ìyá yóò sọ fún un pé, "Ìyá, Òyìngbò rèé." Òótọ́ ni, ará Èkó a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oore ni ti ọmọ náà, kò sì san gbèsè ẹni tó ni ọkọ̀. Owó tí wọ́n yọ lórí káàdì Cowry ìyá náà kò dín sí ti ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.