Ẹnì Kẹtàdínlógún Nínú Àpérò Gẹ̀ẹ́sì

Ní London, ní Manchester, ní Birmingham àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn kan máa ń pagbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ilé ìkàwé tàbí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Tíì àti bisikíìtì á wà lórí tábìlì. Ará Somalia á wà níbẹ̀, ará Ukraine á wà níbẹ̀, ará Eritrea, ará Bangladesh, àti ìyá Yorùbá tó wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ láwùjọ ni wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì: lónìí owó ilé, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bó ṣe ń pẹ́ kí èèyàn tó rí dókítà, lọ́sẹ̀ mìíràn fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Ẹni tó ń darí wọn kì í sábà gbowó. Ó kàn yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni. Mo ka irú àpérò bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ rere, mi ò sì fẹ́ kó parẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ gbé síwájú Ifá nítorí rẹ̀. Nígbà tí a bá ń fi èdè tí kò dọ́gba lẹ́nu wa jíròrò ìṣòro tó kan gbogbo wa, ta ló ni ọ̀rọ̀ náà? Ṣé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì dán lẹ́nu rẹ̀ ni, àbí ẹni tí ìṣòro náà wà nínú ilé rẹ̀?

Odù tí mo gbé lé ìbéèrè yìí ni Ọ̀ṣẹ́ Túrá. Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ awo, ẹnu ara mi ni n ó sì fi sọ ọ́. Nígbà tí Olódùmarè ń rán àwọn irúnmọlẹ̀ bọ̀ wá tún ayé ṣe, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan sì ni obìnrin àárín wọn. Bí wọ́n ti gúnlẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n la igbó Orò, wọ́n la igbó Ọpa, wọ́n gbìmọ̀, wọ́n rúbọ. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ kankan lọ Ọ̀ṣun. Òun náà jókòó jẹ́ẹ́, òòyà iyùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dirun, ó ń wò wọ́n. Kò pẹ́ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé, kò gún. Oògùn kò jẹ́, ẹbọ kò dà. Nígbà tó sú wọn, wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ. Olódùmarè kò bi wọ́n nípa oògùn tí wọ́n lò tàbí ẹbọ tí wọ́n rú. Ohun tó bi wọ́n ni iye tí wọ́n jẹ́ nígbà tí wọ́n ń lọ, àti pé ẹnì kẹtàdínlógún wọn ńkọ́.

Ohun tó máa ń dẹ́rù bà mí nínú ìtàn yìí ni pé àwọn mẹ́rìndínlógún náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì síbi tí a ti gbọ́ pé wọ́n lé Ọ̀ṣun kúrò. Ojú kan náà ni gbogbo wọn wà. Wọ́n ń rí i. Bó bá jẹ́ pé wọ́n lé e ni, ì bá yé wọn kíá pé àwọn ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ níbi tó jókòó sí, iṣẹ́ sì ń lọ, ọ̀rọ̀ ń dùn, ó sì dà bí ẹni pé àpérò ti pé. Àìkànìyànkún tó burú jù nìyẹn lójú tèmi, nítorí ẹni tó ń ṣe é kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Ẹ wá wo àpérò Gẹ̀ẹ́sì wa. Owó ilé ni kókó ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti kàwé gboyè nílé kó tó dé ń sọ̀rọ̀ bí omi, ó ń ṣàlàyé bí ilé ṣe wọ́n ní London. Òótọ́ ló ń sọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni obìnrin kan jókòó sí tó kó ọwọ́ méjèèjì lé orí báàgì rẹ̀. Ògiri yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn ti hùkasì, ó dúdú láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì. Ohun tí wọ́n ń sọ yé e dáadáa, ṣùgbọ́n kó tó to gbólóhùn kan jọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Olùdarí á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i pé tirẹ̀ ń bọ̀. Aago á lù, àwọn tí ẹnu wọn yá á ní àwọn gbádùn ìjíròrò náà, olùdarí á sì rò pé iṣẹ́ òun yọrí. Ẹni kan ṣoṣo tó lè sọ ohun tí owó ilé àti ilé burúkú ń ṣe fún ọmọ èèyàn ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Ifá kì í ṣe báyìí, mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ wo bí ó ṣe ń ṣe é. Ẹni tó wá dífá kì í sábà sọ ohun tó bá a wá fún babaláwo. Ó lè sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó, kó gbé owó náà sílẹ̀ níwájú ọ̀pẹ̀lẹ̀. Odù á yọ. Babaláwo á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ẹni tó wá dífá yóò fi ní kó dúró níbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ òun nìyẹn. Babaláwo yìí ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Odù 256 ni Ifá ní, ẹsẹ inú wọn kò sì lóǹkà. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ yìí, kì í ṣe òun ló ń yan ẹsẹ tó bá ọ̀ràn mu. Ẹni tó ni ọ̀ràn ló ń yàn án. Ọ̀mọ̀wé ń kì, ẹni tí nǹkan ń ṣe ń dá a mọ̀. Àwọn baba wa gbà pé iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ síra, àti pé ìkíní kò lè gbapò ìkejì.

Olùdarí àpérò ló wà nípò ẹni tó ń kì. Òun ló ní Gẹ̀ẹ́sì, òun ló mọ gírámà, òun ló tẹ kókó ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sórí bébà láti ilé. Àbùkù kankan kò sí nínú ìyẹn. Àbùkù wọ inú rẹ̀ nígbà tó bá kì ẹsẹ kan ṣoṣo fún gbogbo èèyàn, tí kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀rọ̀ òun nìyí tàbí pé ọ̀rọ̀ òun kọ́.

Ìkànìyàn ọdún 2021 ní England àti Wales fi hàn pé nǹkan bí 880,000 èèyàn ni kò lè sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àti pé nǹkan bí 161,000 ni kò lè sọ ọ́ rárá. Owó tí ìjọba ń ná sórí ESOL, ìyẹn ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn elédè mìíràn, sì ti já wálẹ̀ ní England láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 203 pọ́ùn ní 2010 sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 90 ní 2016. Ibi tí ìjọba ti fà sẹ́yìn ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń gbìyànjú. Ẹni tó bá sì fẹ́ di ọmọ onílùú á ṣe ìdánwò ìbéèrè 24 láàárín ìṣẹ́jú 45 nípa ìgbé ayé ilẹ̀ náà. Wọ́n á bi í ní ohun tó mọ̀ nípa ìlú. Kò síbi tí wọ́n ti ń bi í ní ohun tí ojú rẹ̀ ti rí nínú ìlú.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọmọ ọdún méjì kan tó ń jẹ́ Awaab Ishak kú ní Rochdale, lẹ́bàá Manchester. Sudan ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Láti 2017 ni bàbá rẹ̀ ti ń sọ fún àwọn onílé pé ògiri ń hùkasì. Wọ́n ní kó fi ọ̀dà kùn ún. Ní oṣù Kọkànlá 2022, òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ tó wádìí ikú náà sọ pé ohun tó hù lára ògiri yẹn, tí ọmọ náà ń mí símú, ló pa á. Àwọn onílé gbà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé àwọn ti fi ojú inú gbé e pé bí ìdílé náà ṣe ń gbélé ló fà á. Bàbá yìí wà níwájú wọn. Ó sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ní ìdáhùn tiwọn kó tó yanu.

Àwọn kan á ní ojútùú rẹ̀ ni kí oníkálukú yára kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. Mo gbà pé kí wọ́n kọ́ ọ. Ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń túmọ̀ àìsàn abẹ́ aṣọ rẹ̀ fún dókítà mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ bí àìgbédè ṣe ń tini lójú, ọmọ náà sì ń gbọ́ ohun tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Grenfell. Àwọn olùgbé ilé gogoro yẹn ní ìwọ̀-oòrùn London fi Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọdé lè kà kọ ọ́ ní oṣù Kọkànlá 2016 pé àjálù ńlá nìkan ni yóò jẹ́ kí aráyé rí bí àwọn alábòójútó ilé náà ṣe ń ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2017, iná jó ilé náà, èèyàn 72 sì kú. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló wọ́n wọn.

Ọ̀ṣẹ́ Túrá ti sọ èyí tipẹ́. Ọ̀ṣun kì í ṣe akólòlò. Èdè kan náà ni òun àti àwọn mẹ́rìndínlógún jọ ń sọ. Etí ni wọn kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí àpérò bá ń kọ́ àlejò bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, tí kò kọ́ onílé bí a ṣe ń gbọ́, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Onílé tó ń darí gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́ de Gẹ̀ẹ́sì tí kò jọ tirẹ̀, kó má bá ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ parí gbólóhùn rẹ̀, kó má sì fi àtúnṣe gírámà dá omijé dúró.

Àwọn babaláwo ní Cuba ní ìtàn kan tí mo fẹ́ràn lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọbàtálá ń rò ó bóyá kí òun fi àkóso ayé lé Ọ̀rúnmìlà lọ́wọ́, ó sì rò pé ọmọdé ni. Ó ní kó se oúnjẹ tó dára jù lọ wá; ahọ́n màlúù ló sè. Ó ní kó se èyí tó burú jù lọ. Ahọ́n náà ló tún sè. Ahọ́n ni a fi ń pàṣẹ ire, òun náà ni a fi ń ta ìlú. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tí wọ́n fojú kéré yẹn ni ìdáhùn ti jáde wá.

Ìtàn Ọ̀ṣun náà kò parí síbi ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́, kò gbà pé kí wọ́n kàn kí òun lásán. Ó fẹ́ kí wọ́n fi òun mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Oyún wà nínú rẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, á máa bá wọn lọ. Ọkùnrin ló bí, Ọ̀ṣẹ́tùúrá ni. Títí di òní, bí a bá ń rúbọ, Ọ̀ṣẹ́tùúrá ni à ń ké sí kí ẹbọ lè dé òde ọ̀run. Ọmọ ẹni tí wọ́n kọ̀ láti fi mọ́ra ló ń gbé ẹbọ gbogbo wọn.

A kì í dífá kí a má yan ẹbọ, ẹbọ tí mo rí sì nìyí fún ẹni tó bá ń darí irú àpérò bẹ́ẹ̀. Kí ó gbé bébà kókó ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kó bi wọ́n léèrè ohun tó bá wọn wá lọ́sẹ̀ yìí. Kí ó dúró, bó tilẹ̀ pẹ́. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì bá há sí lọ́fun, kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní èdè tirẹ̀, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ bá a túmọ̀. Àwọn àgbà ṣáà gbà pé kò sí èdè tí Ọ̀rúnmìlà kò gbọ́. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ògiri tó hùkasì, kí gbogbo agbo fi Gẹ̀ẹ́sì ọjọ́ náà kọ lẹ́tà sí onílé pẹ̀lú obìnrin yẹn, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan sínú báàgì rẹ̀. Kí wọ́n kọ déètì sókè rẹ̀ gàdàgbà. Lábẹ́ òfin tí wọ́n fi orúkọ Awaab pè, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2025 fún àwọn ilé ìjọba àti ti ẹgbẹ́ onílé aláàánú ní England, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni onílé ní láti wá wo irú ewu bẹ́ẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tó gbọ́ nípa rẹ̀ ni kíkà sì ti bẹ̀rẹ̀.