Ògiri Tí A Dì Lẹ́nu

"Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ kí ògiri yìí rí òjò kan ná, kí a tó fi nǹkan bò ó."

Oṣù Ṣẹẹrẹ ni, ọyẹ́ ń fẹ́ n'Ìbàdàn, ètè gbogbo wa ti bó. Bàbá bíríkìlà tó sọ̀rọ̀ yìí fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri náà, ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó mi orí. Èmi bú sẹ́rìn-ín. Ògiri tó gbẹ táútáú lójú mi, kí ló tún fẹ́ fi òjò ṣe?

Hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan la fẹ́ sọ dọ̀tun. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà tí owó àfikún oṣù tí wọ́n ń pè ní Udoji jáde ni wọ́n kọ́ ọ, yàrá mẹ́rìnlélógún ló ní. Baálé tó kọ́ ọ ti lọ, ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ kí ilẹ̀kùn tún ṣí kí ọdún Àjíǹde tó dé, torí lẹ́yìn Àjíǹde ni ìgbéyàwó máa ń pọ̀, tí àlejò ń wá ibi sùn kiri.

Kì í ṣe pé ilé náà kò sọ fún wa. Nísàlẹ̀, ọ̀dà ti ṣí kúrò lára ògiri láti ilẹ̀ dé orúnkún, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì hù síbẹ̀. Lókè, àjà ní àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìgbà tí tíì dà sí aṣọ. Gbogbo yàrá ń rùn bí aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí. A ha ọ̀dà kúrò, a rẹ́ ojú ògiri, a gbé POP bo àjà tó lábàwọ́n, a sì lẹ bébà ògiri onírọ́bà tó ń dán yinrinyinrin. A yọ fèrèsé louvre, a fi èyí tó máa ń dé pinpin rọ́pò rẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀rọ amúlétutù ńlá, balùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Lọ́jọ́ tí a ṣí i, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò nínú ọ̀nà àárín ilé.

Nígbà tó fi máa di oṣù Òkúdu, òórùn inú àpótí yẹn ti padà. Àlejò kan tó ní ikọ́ fée kò lè sùn, inú ọkọ̀ rẹ̀ ló jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú yàrá sún bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, ó rí etí bébà tó ti ṣí, ló bá fà á. Ó figbe ta. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: èéhù dúdú àti aláwọ̀ ewé ti gba ẹ̀yìn bébà náà láti ilẹ̀ dé òkè. A ṣí òmíràn wò, bákan náà ni. Yàrá mẹ́rìnlá la tì pa lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi ń gbà wọlé, a kò sì dí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Àkọ́kọ́ wá láti ilẹ̀. Àwọn tó kọ́lé náà kò tẹ́ náílọ́ọ̀nù sórí ìpìlẹ̀, omi sì ń gun ògiri bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà. Lásìkò ọyẹ́, ojú ògiri á gbẹ. Òjò méjì péré, omi á tún gbéra. Èkejì wá láti orí òrùlé, níbi tí páànù ti dípẹtà. POP wa kò dá omi náà dúró, ibi ìfarapamọ́ ló kọ́ fún un.

Ẹ̀kẹta ló yà mí lẹ́nu jù, torí èmi fúnra mi ni mo kó o wọlé. Ẹ gbé omi inú firíìjì sórí tábìlì lásìkò òjò, ẹ ó rí i tí ara ike á máa làágùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ògiri wa nìyẹn. Ẹ̀rọ amúlétutù mú ojú rẹ̀ tutù. Fáànù balùwẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ ìta tó kún fún ọ̀rinrin sì ń gba gbogbo ihò ara ilé wọlé láti dípò rẹ̀. Bó ṣe kan ẹ̀yìn bébà tó tutù, ó di omi. Rọ́bà kò jẹ́ kí omi náà jáde, gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ̀ ẹ́ sì di oúnjẹ fún èéhù. Nílẹ̀ olótùútù, inú ilé ni ọ̀rinrin ti ń wá ọ̀nà jáde lọ. Nílẹ̀ tiwa, ìta ló ti ń wọlé. Mo wo àwòrán yàrá òyìnbó, n kò wo ojú ọjọ́ wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ilé ògbólógbòó nìkan nirú èyí ń bá jà, kó gbọ́ ti Kalia Tower, ilé gogoro hòtẹ́ẹ̀lì Hilton kan ní Waikiki, ní Hawaii. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣí i, tuntun ni. Ní oṣù Agẹmọ 2002, wọ́n ní láti kó àlejò kúrò nínú yàrá 453 tó wà níbẹ̀ nítorí èéhù. Àtúnṣe rẹ̀ gbà tó mílíọ̀nù 55 dọ́là. Bí ọ̀rinrin bá lè ṣe èyí fún ilé ọmọ ọdún kan, kí ni kò ní fi ojú ilé tó ti gba òjò ogójì ọdún rí?

Ìyá tó ni hòtẹ́ẹ̀lì tiwa kò fi ariwo bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ lo rán fún aláìsàn." Ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan ló tà láti fi ṣe àtúnṣe kejì, èmi náà sì dá owó iṣẹ́ mi padà. Mo lọ bẹ Bàbá bíríkìlà. Kò sọ pé òun ti wí. Ó kàn bèèrè pé, "Ṣé ẹ máa dúró lọ́tẹ̀ yìí?"

A dúró. A ta náílọ́ọ̀nù dí ẹnu ọ̀nà kí èéhù má baà fẹ́ dé àwọn yàrá tó kù, a wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, a sì bó bébà àti POP tó ti bàjẹ́ dànù. A kò kun nǹkankan lé èéhù lórí, torí ọ̀dà kì í pa á. A pààrọ̀ páànù, a gbẹ́ gọ́tà, a jẹ́ kí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé dagẹ̀rẹ̀ síta. A lu ihò sí ìdí ògiri, a fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí omi gùn. A ha gbogbo sìmẹ́ǹtì tí iyọ̀ ti jẹ kúrò, a sì rẹ́ ẹ lọ́tun.

Bàbá wá kọ́ mi ní ìdánwò kan. Ó gé náílọ́ọ̀nù tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ níhà kọ̀ọ̀kan, ó fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù, inú ògiri ṣì tutù. Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ ló sẹ̀ sí, afẹ́fẹ́ yàrá ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ. Ọ̀dà tó ń jẹ́ kí ògiri mí la lò dípò rọ́bà. Ẹ̀rọ amúlétutù tó bá yàrá mu la gbé síbẹ̀, torí èyí tó tóbi jù á mú yàrá tutù kíá, á sì kú kó tó fa ọ̀rinrin. EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, ní kí ọ̀rinrin inú ilé má ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí ohunkóhun tí omi bá sì dà sí gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48. Ìyá ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, ó gbé e sórí káńtà bí aago.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Òwe yẹn ni mo gbára lé tí mo fi dí gbogbo ihò. N kò mọ̀ pé omi ti wà nínú ilé kí n tó dí i, àti pé ẹnu tí mo dì pa yẹn ló ń gbà jáde láti ọdún pípẹ́ wá.

Títí dòní, bí ẹnìkan bá pè mí lásìkò ọyẹ́ pé kí n wá wo ilé àtijọ́ tóun fẹ́ tún ṣe, mo máa ń lọ, mo sì máa ń wò ó. Ṣùgbọ́n n kì í dá iye owó fún un. Mo máa ń sọ fún un pé kó tún pè mí lóṣù Òkúdu, nígbà tí òjò bá mú ilé sọ òótọ́.