Ta Ni Ó Ni Ọgbọ́n Tí A Ti Tà?

Bí ènìyàn bá ta ọgbọ́n orí rẹ̀, ṣé ó ṣì ní ẹ̀tọ́ láti máa ṣọ́ ọ? Ẹni tí ó ta ewúrẹ́ ti jọ̀wọ́ okùn rẹ̀. Ọgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó tà á ṣì ní in, ẹni tí ó rà á ti ní in, ẹni kẹta tí kò san kọ́bọ̀ sì lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni kejì, láìjẹ́ pé ohunkóhun dín lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, n kò sì tíì rí ẹni tí ìtàn rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí i tó ti Edmond Hoyle, ọkùnrin tí ó fi eré káàdì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọdún 1672 ni a bí i. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún kí òkìkí rẹ̀ tó kàn, nípa eré tí à ń pè ní whist, èyí tí bridge òde òní ti inú rẹ̀ jáde. Ènìyàn mẹ́rin ni í ṣe eré náà, méjì sí méjì. Àwọn méjì tí ó wà níhà kan náà a dojú kọ ara wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn fún ara wọn. Káàdì 52 ni a ó pín, 13 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ju káàdì sílẹ̀, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ ju irú rẹ̀ bí wọ́n bá ní in. Èyí tí ó ga jù ni yóò kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irú kan wà tí í borí gbogbo irú yòókù, káàdì tí ó kẹ́yìn nínú pínpín ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Owó sì ń bẹ lórí tábìlì. Ẹ má gbàgbé owó náà.

Ohun tí Hoyle ń kọ́ni kì í ṣe idán. Bí káàdì kan kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta ni ó ti lè wà. Nítorí náà, bí a bá retí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ lẹ́ẹ̀kan, kí a retí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn alátakò lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣirò báyìí ni, àti bí a ti ń to káàdì sọ́wọ́ kí a lè rántí ohun tí ó ti jáde. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ní ọdún 1742 ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé tí ó pè ní *A Short Treatise on the Game of Whist*. Gínì 1 ni iye rẹ̀, èyí tí í ṣe ṣílè 21.

Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 1743, eré onítàn kan jáde tí ó ń jẹ́ *The Humours of Whist*, Hoyle gan-an ni ó sì ń bú. Ṣé òjóró ni kí ènìyàn ra ọgbọ́n wá sí ìdí eré? N kò gbà bẹ́ẹ̀. Òjóró ni kí a yọjú wo ọwọ́ ẹlòmíràn, tàbí kí a ṣẹ́jú sí ẹnìkejì ẹni. Ẹni tí ó ka ìwé kò yọjú wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ń dùn mí ni gínì yẹn. Owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan alágbàṣe Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà kò tó o. Ọlọ́rọ̀ nìkan ni ó lè ra ohun tí yóò fi gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò rí i rà.

Olè ni ó tú u ká. Kí ọdún 1743 tó jìnnà ni àwọn òǹtẹ̀wé kan ti da ìwé náà kọ, wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Òfin wà láti ọdún 1710 tí ó fún òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ ọdún 14 lórí ìwé tuntun, nítorí náà kò sí àní-àní pé wọ́n jẹ̀bi. Francis Cogan, òǹtàwé tí ó ra ẹ̀tọ́ ìwé náà, ní láti já iye rẹ̀ wálẹ̀ sí ṣílè 2, Hoyle sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kí a lè dá ojúlówó mọ̀.

Mo ti rí ẹ̀dà ìwé tèmi tí n kò mọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, inú mi sì bàjẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. N kò ní pe olè ní olóore. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé láìsí àwọn olè wọ̀nyẹn, ọgbọ́n náà ì bá pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá. Àti pé, níbo ni Hoyle fúnra rẹ̀ ti rí i? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Charles Cotton ti kọ̀wé lórí whist ní ọdún 1674, nígbà tí Hoyle ṣì ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ kiri. Ohun tí ọ̀pọ̀ òṣèré ti mọ̀ ni ó kó jọ, tí ó tò, tí ó fi ìṣirò sí. Iṣẹ́ ńlá ni títò náà, ó sì tọ́ kí ó jẹun nídìí rẹ̀. N kò kàn rí bí títò ṣe lè sọ eré náà di tirẹ̀.

Mo rò pé òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ nínú ẹ̀dà wọ̀nyẹn, ìyẹn sì jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, wọ́n gbẹ́ orúkọ náà sára igi, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ọwọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó kú ní ọdún 1769. Òfin whist rẹ̀ wà títí di ọdún 1864, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá Lọ́ńdọ̀nù gba òfin mìíràn. Orúkọ náà kò bá òfin lọ: àwọn òǹtẹ̀wé ń fi í sára ìwé eré gbogbo, títí kan eré tí Hoyle kò fojú rí. Ní ọdún 1979, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń yan àwọn tí wọn yóò kọ́kọ́ bu ọlá fún nínú eré poker, wọ́n fi Hoyle kún wọn. Ó ti kú kí ẹnikẹ́ni tó dá poker sílẹ̀.