Ìṣẹ́gun tí Kò Fọkàn Ẹni Balẹ̀

Bí ènìyàn bá lọ bá onílé du ohun iyì nínú ilé onílé, tí onílé tì í mọ́ ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí gbogbo ojú tí ń wòran sì ti gbà pé kò sí ohun tí àlejò náà tún lè rí mú níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí ó wá jẹ́ pé ọwọ́ àlejò yìí gan-an ni a bá ohun iyì náà nígbà tí eré parí, kí ni kí á pè é: akin ni, àbí olóríire lásán, àbí ẹni tí ó gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé, àwọn baba wa sì ti fi ọ̀rọ̀ orí àti ìpín, ẹsẹ̀ àti ìwà, yẹ̀ ẹ́ wò tọ̀sán tòru kí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tó dé etíkun wa. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tiwa yìí, n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń fi ìtara jiyàn lé e lórí tó àárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, àwọn tí ọ̀pọ̀ àgbà ń fojú aláriwo wò, tí èmi sì gbà tọkàntọkàn pé ó yẹ kí á fetí sí.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀kan tí ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀. Ní alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Chelsea ti ìlú London wọ pápá Allianz Arena ní ìlú Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, láti bá Bayern du ife ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù. Láti ọdún 2009 ni àwọn aláṣẹ ti yan pápá náà, láìmọ ẹni tí yóò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ilé Bayern ni? Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, àlejò ti ọjọ́ yìí kò sì tilẹ̀ pé: John Terry tí í ṣe balógun ẹgbẹ́, Ivanović, Ramires àti Meireles, ìyà káàdì ti dá gbogbo wọn dúró sí ẹ̀yìn ìlà; Cahill àti David Luiz ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti orí ìpalára itan bọ̀ ni; ọ̀dọ́mọkùnrin Ryan Bertrand, tí kò fẹsẹ̀ kan ìdíje náà rí, ni wọ́n sì fà jáde sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Kí á má sì parọ́ mọ́ onílé, Bayern náà kò rí Alaba, Badstuber àti Gustavo lò. Àárín pápá ni Mikel Obi, ọmọ tí a bí ní Jos, dúró sí títí ìṣẹ́jú 120 fi pé, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn gbóná ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo àti ní Àkúrẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, àfi bí ẹni pé ẹnu ibodè tiwọn ni ogun ti ń jà.

Kọ́nà ogún ni Bayern gbà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Chelsea rí. Ní ìṣẹ́jú 83, Müller fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, àwọn ará Munich sì ti ń dì mọ́ ara wọn, kí Drogba tó fi orí tirẹ̀ dá ayò náà padà ní ìṣẹ́jú 88, láti inú kọ́nà kan ṣoṣo yẹn tí Mata gbá wá. Nígbà tí wọ́n bọ́ sínú àfikún àkókò, Drogba yìí kan náà ló tún ta Ribéry lẹ́sẹ̀ níwájú ilé, tí Bayern fi gba pẹ́nárítì. Robben, tí ó ti wọ aṣọ Chelsea rí, ló gbá a, Petr Čech, aṣọ́lé Chelsea, sì wó lé e mọ́lẹ̀. Ó wá di pé kí wọ́n máa gbá pẹ́nárítì lọ́kọ̀ọ̀kan, níwájú àwọn alátìlẹ́yìn Bayern. Neuer, aṣọ́lé Bayern, mú ti Mata, Čech mú ti Olić, ti Schweinsteiger kan òpó, Drogba sì gbá ti ìkẹyìn sáwọ̀n. Mẹ́rin sí mẹ́ta. Àgbàdo inú ìgò di àwòmọ́jú fún adìẹ ilé, àlejò gbé ife lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ọ̀rọ̀ náà ti pín àwọn alátìlẹ́yìn Chelsea fúnra wọn sí méjì, ní ìdí àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn, níbi tí àwọn ọkùnrin máa ń dúró ka àkọlé láìrà á, àti ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á ní, “Àbúrò, ṣé o rí i pé a ti gbà á?” Àbúrò á dáhùn pé, “A gbà á lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó bà mí ju ayọ̀ mi lọ. A kò gbá bọ́ọ̀lù kankan, àwọn ló ń gbá a lé wa lórí.” Inú á wá bí ẹ̀gbọ́n, á ní aláìmoore ni í, pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Irú iyàn bẹ́ẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n gbà pé kádàrá ni. Wọ́n á rán ọ létí ìlú Moscow ní ọdún 2008, nígbà tí ẹsẹ̀ Terry yọ̀ nínú òjò, tí pẹ́nárítì tí ìbá gbé ife fún Chelsea fi lọ kan òpó. Wọ́n á rán ọ létí oṣù Karùn-ún ọdún 2009, nígbà tí rẹfirí ará Norway kọ etí ikún sí gbogbo igbe pẹ́nárítì wọn, tí Iniesta ti Barcelona sì fi ẹyọ ayò kan lé wọn síta nígbà tí ìṣẹ́jú 90 ti kọjá. Wọ́n á sì tún mú ọ dé Camp Nou, pápá Barcelona yìí, ní oṣù Kẹrin ọdún 2012 yìí kan náà, níbi tí Messi ti gbá pẹ́nárítì mọ́ igi òkè, tí ènìyàn mẹ́wàá tí ó ṣẹ́kù fún Chelsea lẹ́yìn tí Terry gba káàdì pupa sì fi ayò méjì sí méjì la ọ̀nà Munich. Gbogbo rẹ̀, wọ́n ní, gbèsè ni Olódùmarè ń san.

Mo mọ bí irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń tu ọkàn lára, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á. Bí ó bá jẹ́ pé Olódùmarè, Ọba atẹ́rẹrẹ káríayé, Ọba tí kì í ṣe ojúsàájú, ló jókòó ti ìwé gbèsè àwọn agbábọ́ọ̀lù, ta ni yóò san ti Bayern, tí Manchester United já ife gbà mọ́ lọ́wọ́ ní Barcelona ní ọdún 1999 pẹ̀lú ayò méjì tí wọ́n jẹ nígbà tí àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá? Ta ni yóò san ti Roma, tí Liverpool fi pẹ́nárítì gba ife yìí kan náà mọ́ lọ́wọ́ nínú ilé wọn ní ọdún 1984? Ilẹ̀ Bavaria tí Munich jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ilẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ni láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn ìyá arúgbó ibẹ̀ náà mọ bí a ti ń kúnlẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ó há mọ́ra nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn bá ń ké pe Jésù, tí àwọn mìíràn láàárín wọn ń ké pe Allah, nítorí aṣọ búlúù, tí ẹlòmíràn sì ń ké pe Ọlọ́run kan náà ní Munich nítorí aṣọ pupa, n kò rò pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ni a ó dá lóhùn. Àdúrà tí kò lè gbà àfi bí ọmọ ẹlòmíràn bá kùnà, ó yẹ kí ó wúwo lẹ́nu ẹni tí ń gbà á.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ta ko àwọn wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ta ko àwọn tí ń wí pé èèṣì lásán ni. Nínú àwọn ìtàn Ifá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti kọ sílẹ̀ fún wa, ọ̀kan wà tí ó sọ bí gbogbo Orí ṣe pe ara wọn jọ láti gbìmọ̀ ohun rere, tí wọn kò sì pe Ẹsẹ̀ sí i. Wọ́n gbìmọ̀ títí, ìmọ̀ràn náà kò gún, nítorí pé ẹni tí wọn kò pè ni ẹni tí yóò gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Orí ni atètè-níran, atètè-gbe-ni ju òrìṣà lọ, n kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kì í dá rìn. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ ẹ̀kọ́ tí Ànábì kọ́ ẹni tí ó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso, kí ó máa gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run: kí ó kọ́kọ́ so ó ná, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé E. Ta ni ó wá bá Orí rìn ní Munich? Kí ọjọ́ náà tó pé, Čech ti jókòó ti àwòrán àwọn pẹ́nárítì tí Bayern gbá láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ti wo bí oníkálukú wọn ṣe ń sáré sí bọ́ọ̀lù àti igun tí ó fẹ́ràn, nígbà tí kò sí ẹni tí ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí ó sì di ojú ìjà, mẹ́fà ni Bayern gbá sí i, ìhà tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbà ni òun náà fò sí. Kò mú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò fò sí ìhà òdì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá pe ìyẹn ní èèṣì ń fi iṣẹ́ oníṣẹ́ wọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti ka iṣẹ́ tán, ohun kan ṣẹ́kù tí iṣẹ́ kò lè gbà ní tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù Schweinsteiger, ṣóńṣó ìka Čech ló fara kàn án kí ó tó lọ lu òpó. Bí ó bá fi díẹ̀ péré yà sí inú, ìtàn mìíràn ni à bá máa sọ. Kò sí àwòrán tí a lè fi òru wò tí yóò kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń darí ìbú ìka kan. Ìyókù yìí ni mo pè ní ẹ̀bùn, ibí yìí sì ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń fi ọpẹ́ ṣẹnu. Ẹni mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Ẹni tí ó bá ní gbèsè tí ayé jẹ òun ni a san fún òun, kí ni ó ń dúpẹ́ fún? Ta ni í wólẹ̀ fún onígbèsè nítorí pé ó san owó tí ó jẹ? Àbúrò tí ó ní “a kò gbá bọ́ọ̀lù kankan,” tí ó ka kọ́nà ogún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àyà rẹ̀ ṣì ń já ní ọjọ́ kejì, òun gan-an ló mọ bí ohun tí a fi lé wọn lọ́wọ́ ti tóbi tó, nítorí pé òun nìkan ló fẹ́ wo bí ó ti kù díẹ̀ kí ó bọ́. Ó ń ṣàròyé, ṣùgbọ́n àròyé rẹ̀ sún mọ́ ọpẹ́ ju ìdùnnú ẹ̀gbọ́n lọ.

Ohun kejì tún wà tí àbúrò lè rí, tí ẹni tí ń ka gbèsè kò lè rí, èyí ni ojú ẹni tí ó pàdánù. Schweinsteiger jẹ́ ọmọ Bavaria, láti kékeré ni ó ti wà lọ́dọ̀ Bayern. Nígbà tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ padà láti ara òpó, ó fa aṣọ rẹ̀ bo ojú mọ́lẹ̀ níwájú àwọn ará ilé rẹ̀. Bí ìṣẹ́gun bá jẹ́ ẹ̀san, a jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọmọkùnrin yìí ń jìyà rẹ̀, a ó sì máa wá ohun tí ó ṣe kiri, bí a ti máa ń ṣe ní ilẹ̀ wa tí ọjà kò bá tà fún ẹnì kan tàbí tí ọmọ kò bá yè fún ẹlòmíràn, tí àwọn aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa orí rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú, n kò sì fi pamọ́. Kí ni Schweinsteiger ṣe tí Drogba kò ṣe? Drogba ló fa pẹ́nárítì Robben, Drogba náà ló gbá bọ́ọ̀lù tí ó gbé ife, kò sì hùwà tuntun kankan láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì tí a lè sọ pé òun ni ó sọ ọ́ di ẹni ire.

Ẹ̀gbọ́n máa ń ní ọ̀rọ̀ kan tí ó kù tí yóò sọ: kí ni kí wọ́n wá ṣe, ṣé kí wọ́n dá ife padà ni? Rárá o. Kí wọ́n gbé e káàkiri London, kí wọ́n jó, kí wọ́n sì jókòó ti kọ́nà ogún yẹn nígbà tí ijó bá tán. Ayọ̀ àyọ̀jù ni àkèré fi ń ṣẹ́ nítan. Ipò kẹfà ni Chelsea wà nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún tí wọ́n gba ife náà, ohun tí Munich sì fi hàn nípa wọn kò pa rẹ́ nítorí pé ife dé. Ní ìdíje ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí ó di ife náà mú tí wọ́n lé jáde ní ìpele àkọ́kọ́ láàárín àwọn olùdíje mẹ́rin-mẹ́rin, Roberto Di Matteo tí ó darí wọn ní Munich sì ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó parí. Àwọn Bayern tí wọ́n sunkún padà lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ní pápá Wembley, wọ́n bá Dortmund du ife kan náà. Ayò kan sí ọ̀kan ni wọ́n wà nígbà tí Robben, Robben yẹn kan náà, gbá èkejì wọlé ní ìṣẹ́jú 89. Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀san ti dé bá ẹni tí ó tọ́ sí. Àbúrò ní ẹsẹ̀ ló bá orí rìn. Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ pa wọ́n lẹ́nu mọ́.