Bọ́ọ̀lù Gbígbá àti Ìwé Kíkà



Bí ọmọ bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí eruku pápá bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ òbí láti Ìdí Arẹrẹ dé Bẹẹrẹ máa ń bi í ni pé: ṣé bọ́ọ̀lù ni yóò bọ́ ọ lọ́la? Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ìbínú tí a fi ń béèrè rẹ̀ kì í jẹ́ kí a dúró gbọ́ èsì.

Ní 1976, nígbà tí IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wálé, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà láàárín wọn, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Pólì Ìbàdàn. Ní 1980, òun ni ó gbá góòlù méjì wọlé nígbà tí Nàìjíríà na Àlgéríà ní 3 sí òdo. Múdà Lawal tí ó gbá ẹ̀kẹta wọlé, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń kọ́ kí bọ́ọ̀lù tó gbé e jáde. Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn tó di olókìkí. Láyé ìgbà náà, ilé iṣẹ́ ńláńlá a máa gba ọ̀dọ́mọkùnrin síṣẹ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn kò ṣí gbayawu mọ́.

Kí wá ni èrè eré? Ọmọ tí ó ń tètè dé pápá, tí ó gba ìdájọ́ rẹfirí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tí ó sì ti bọ́ọ̀lù sí ẹlòmíràn kí ó gbá a wọlé, ó ti ń kọ́ ohun tí ọ̀gá iṣẹ́ yóò wá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń bú rẹfirí, èébú ni ó ń kọ́ níbẹ̀. (Àwọn tí ń jókòó sí ilé tẹ́tẹ́ láti òwúrọ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀, ẹsẹ̀ wọn kò kan bọ́ọ̀lù rárá.)

Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kò tijú láti fi àwọn sárésáré ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ará Kọ́ríńtì, ìkóra-ẹni-níjàánu wọn ni ó sì yìn. John Bosco Mímọ́ ní ìlú Turin, eré ni ó fi kó àwọn ọmọ ìgboro jọ kí ó tó kọ́ wọn ní katikísì àti iṣẹ́ ọwọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi ọ̀bẹ ya bọ́ọ̀lù ọmọ, ẹ kọ́kọ́ wo èsì ìdánwò rẹ̀. Bí ó bá ń ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó ṣeré, ìbáà ṣe obìnrin. Bí ó bá ń fà sẹ́yìn, ẹ dín wákàtí eré kù, ẹ má fòpin sí i. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣètò ìdíje ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, a bẹ̀ yín, ẹ sún un di ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ọmọ wa lè kọ́kọ́ wá sí Mísà.