Ta Ni Onígbọ̀wọ́ Wa? Ọ̀rọ̀ Lórí Bọ́ọ̀sì Méjì àti Ìwé Gàràntí

Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀sì wa àtijọ́ ti sinmi. Ó sìn wá títí agbára rẹ̀ fi tán. Ó gbé wa lọ sí ìsìnkú, ó gbé ìyàwó wálé, ó sì ń gbé àwọn ọmọ wa lọ kí ìyá wọn àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ọ̀ffà ní ìparí ọdún. Nígbà tí owó tí ẹ dá pé, ẹ yan àwa mẹ́fà pé kí a lọ ra òmíràn. A ti rà á, ẹ sì ti rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń béèrè ìdí tí a fi rà á bí a ti rà á, àwọn mìíràn sì ń sọ pé a dójú ti ará wa kan nínú ọ̀ràn náà. Nítorí èyí ni a ṣe ń kọ̀wé yìí. Kì í ṣe láti gbèjà ara wa nìkan, bí kò ṣe nítorí ìbéèrè kan tí ó kan olúkúlùkù ẹni tí ń rà tí ó sì ń tà ní ìlú tí kì í ṣe ìlú baba rẹ̀.

Ìbéèrè náà nìyí: bí ọjà méjì bá jọ ara wọn, tí ọ̀kan ní ìwé lẹ́yìn, tí èkejì sì ní ènìyàn lẹ́yìn, èwo ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé? Ǹjẹ́ àbùkù sì ni fún ará wa bí a bá ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti bọ́ọ̀sì. Méjì ni a rí tí ó bá owó wa mu. Àlòkù láti òkè òkun ni méjèèjì, ènìyàn mẹ́rìnlá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé, ọjọ́ orí wọn kò sì ju ara wọn lọ. Fiat Ducato ni a kọ sí iwájú ọ̀kan, Peugeot Boxer ni a kọ sí iwájú èkejì. Odindi ìpàdé méjì ni àwọn ọ̀dọ́ wa fi jiyàn lórí orúkọ yìí. Nígbà tí mẹkáníìkì wa wọ abẹ́ àwọn méjèèjì tí ó sì jáde, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òótọ́ ni ó sọ. Ẹ̀yin àgbà kò tíì gbàgbé J5 tí ó kún gbogbo ọ̀nà wa nígbà kan. Láti ọdún 1981 ni a ti ń ṣe irú ọkọ̀ náà ní ìlú Atessa ní ilẹ̀ Ítálì. Inú ọgbà kan náà ni wọ́n ti ń jáde: wọ́n kọ Peugeot J5 sí òmíràn, wọ́n kọ Citroën C25 sí òmíràn, wọ́n sì kọ Fiat Ducato sí òmíràn. Boxer ni arọ́pò J5. Nítorí náà, ẹni tí ó ń jà lórí orúkọ ń jà lórí aṣọ tí a fi wọ ìbejì. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò sí lára irin. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń tà wọ́n ni ó wà.

Ẹni tí ó ń ta ọ̀kan jẹ́ oníṣòwò kan ní Abuja tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ rí. Owó tirẹ̀ ga díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún wa ní ìwé gàràntí tí a tẹ̀ dáradára, tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó ń ta èkejì jẹ́ ará wa níhìn-ín ní Jos, ọmọ ìlú wa, tí a jọ ń jókòó lórí àga kan náà. Owó tirẹ̀ kéré, kò sì ní ìwé kankan. Nígbà tí a béèrè gàràntí lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá àyà, ó ní, “Èmi nìyí.”

Ọ̀rọ̀ wá di méjì. Bàbá kan nínú wa sọ pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, bí ẹnì kan bá kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní ìlú yìí, ṣé oníwèé Abuja ni yóò bá wa gbẹ́ ilẹ̀?” Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dáhùn pé, “Ẹ dákun, bàbá, bí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́ ní ọ̀nà, ṣé ‘èmi nìyí’ ni a ó gbé lọ bá mẹkáníìkì?” Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún bàbá, àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún ọmọ. Àwa rí i pé òótọ́ wà ní ẹnu méjèèjì, a sì sún ìpàdé síwájú kí a lè ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a rí nínú rẹ̀. Èkíní, ó ní oṣù 12 tàbí 15,000 kìlómítà, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Oṣù 12 dùn létí. Ṣùgbọ́n láti Jos dé Ògbómọ̀ṣọ́ ju 700 kìlómítà lọ. Àlọ àti àbọ̀ ju 1,400 lọ. Bí a bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ti ju 14,000 lọ, a kò sì tíì ka ìrìn àárín ìlú. Ọkọ̀ ìjọ tí ń ru òkú àti ìyàwó bí tiwa kò ní jẹ́ kí gàràntí náà pé ọdún. Èkejì, ilé iṣẹ́ tiwọn ní Abuja nìkan ni a ti gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Bí ó bá kú sí Bauchi Road, owó fífà á dé Abuja di tiwa. Ẹ̀kẹta, wọ́n yọ táyà kúrò, wọ́n yọ bíréèkì kúrò, wọ́n sì ní bí ẹrù bá ju bí ó ti yẹ lọ, gàràntí ti parí.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹ̀kẹta yìí. Orí òkè ni a ń gbé, ìlú wa ga ju 1,200 mítà lọ. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Akwanga sọ̀kalẹ̀ mọ Hawan Kibo. Ó mọ bí ọ̀nà ti ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó sì ti rí àwọn ọkọ̀ ńlá tí ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ sì mọ ara wa. Ta ni nínú wa tí í lọ sílé láìru àpò pọ̀tétò Jos kan, karọ́ọ̀tì àti kábéèjì fún àwọn ará ilé? Ní Hawan Kibo, bíréèkì, táyà àti ìwọ̀n ẹrù ni ẹ̀mí wa dúró lé. Àwọn mẹ́ta yìí gan-an ni ìwé náà yọ sílẹ̀. A kò sọ pé oníwèé náà ṣe àrékérekè, nítorí kò sí ẹni tí ó lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún ohun tí ń jẹ lójoojúmọ́ àti fún ẹsẹ̀ awakọ̀ tí kò mọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, owó ni a ó fi tún un ṣe. Bí bíréèkì bá kọ̀ ní Hawan Kibo, kò sí ìwé tí yóò dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀.

A padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi ọwọ́ gbá àyà. Láyé àwọn baba wa, ènìyàn ni onígbọ̀wọ́. Bí o bá fẹ́ yá owó, ìwọ yóò mú ẹnì kan tí a mọ ilé rẹ̀ wá. Ojú rẹ̀ ni ìwé, ìtìjú rẹ̀ sì ni òǹtẹ̀. Ìgbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ lágbára, nítorí ẹni tí ó bá dalẹ̀ kò ní rí ibi gbé ojú sí. Èyí ni bàbá wa ń sọ, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó kù sí. Ìgbọ̀wọ́ ojú ń fẹ́ kí ojú wà níbẹ̀. Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú ńkọ́, tí a wà lónìí tí a lè má sí lọ́la?

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn wa ní Gánà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé tàbí kí ó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìnísà tí wọ́n ti ń ta ọjà àwìn níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ di ẹrù wọn, gbèsè tí wọ́n ní lóde sì kù sẹ́yìn. Kì í ṣe pé gbogbo àwọn tí ó jẹ wọ́n ní owó jẹ́ olè. Ojú ni ó kúrò níbẹ̀, ìgbọ̀wọ́ sì bá ojú lọ.

Ábúráhámù náà jẹ́ àlejò ní Hébúrónì. Nígbà tí Sárà kú, Éfúrónì ní òun yóò fún un ní ilẹ̀ àti ihò Mákípélà lọ́fẹ̀ẹ́. Ábúráhámù kò bú u, kò sì fura sí i. Ó tẹrí ba, ó wọn 400 ṣékélì fàdákà, ó sì jẹ́ kí gbogbo àwọn tí ó wà ní ẹnu ibodè ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá rò pé ẹlẹ́rìí jẹ́ àbùkù fún olóòótọ́, kí ó ro ti baba ìgbàgbọ́ yìí. Nítorí àwọn ọmọ tí kò tíì sí níbẹ̀ ni ó ṣe ṣe é.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ó mọ òfin là yé wa. Òfin ọjà títà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1893, tí àwa náà jogún ní Nàìjíríà, ti sọ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àti máa ta irú ọjà kan kò gbọdọ̀ ta èyí tí kò wúlò. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 sì fún wa ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára tí kò sì léwu. Nítorí náà, ẹni tí kò ní ìwé gàràntí pàápàá kò wà ní ìhòòhò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1965, ilé ẹjọ́ kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tí ó ra mọ́tò àlòkù. Ẹni tí ó tà á ti sọ fún un pé klọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò dára tó, ó sì ti dín owó kù fún un. Nígbà tí àtúnṣe wá wọ́n ju bí wọ́n ti rò lọ, ọkùnrin náà pẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní kò jàre, nítorí àlòkù ni ó rà, ó ṣì ṣeé wà, a sì ti sọ àléébù rẹ̀ fún un.

Ẹjọ́ yìí ni ó la ojú wa. Gbogbo ìgbà yìí, “Kí ni ẹ ó ṣe bí ó bá bàjẹ́?” ni a ń béèrè. A kò tíì béèrè pé, “Kí ni ó ń ṣe é nísinsìnyí?” A wá béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Oníwèé dáhùn pé kò sí àléébù kankan, gbogbo rẹ̀ ni ó pé. Ará wa dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Jíà kejì rẹ̀ ń há bí ojú ọjọ́ bá tutù, bíréèkì ẹ̀yìn sì ti jẹ. Mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀rù ni ó bà mí pé ẹ ó lọ.” Mẹkáníìkì wa wò ó, ó sì rí i bí ó ti wí. Ó tún ọkọ̀ kejì wò, ó rí i pé bíréèkì tirẹ̀ náà ti jẹ. Àwọn àgbà wa sọ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Àwa kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ wa.

Nítorí náà ni a ṣe ra ti ará wa. Ṣùgbọ́n a ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀: àléébù méjèèjì, iye owó, àti pé òun yóò tún jíà náà ṣe níhìn-ín ní Jos láàárín oṣù mẹ́fà bí ó bá yọnu. Ìlà márùn-ún ni, ènìyàn méjì sì ṣe ẹlẹ́rìí. Owó tí ó kù lọ́wọ́ wa ni a fi ra bíréèkì àti táyà tuntun kí ọkọ̀ náà tó gbé ẹnikẹ́ni.

A kò ní fi pamọ́ fún yín pé ó dùn ún. Ó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ ìsinmi méjì kò jókòó sí àyè rẹ̀. Àwa mẹ́fà lọ sí ilé rẹ̀ ní alẹ́. A sọ fún un pé kì í ṣe òun ni a kò gbàgbọ́. Ikú ni a kò gbàgbọ́, àti ìrìn àjò, àti ìgbàgbé ara wa. Bí àwa mẹ́fà bá ti kúrò ní ìlú yìí, tí àwọn mìíràn sì ń wa ọkọ̀ náà, ta ni yóò mọ̀ pé ó ti sọ òtítọ́ fún wa? Wọn yóò rò pé ó rẹ́ ìjọ jẹ. Ìwé náà ń gbèjà òun náà. Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Lẹ́yìn náà ó ní kí a jókòó, ó sì pè ìyàwó rẹ̀ pé kí ó gbé oúnjẹ wá. Bóyá gbogbo ọkàn rẹ̀ ti yọ́ tàbí kò tíì yọ́, Ọlọ́run ni ó mọ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ kí i dáradára.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ iná, ọkọ̀ tàbí maṣíìnì ìránṣọ, ohun tí a rí kọ́ nìyí. Kọ́kọ́ béèrè àléébù ọjà kí o tó béèrè gàràntí. Bí ìwé bá wà, ka ohun tí ó yọ sílẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ewu rẹ máa ń wà. Wo bí ibi tí a ti lè gba ìlérí náà ti jìnnà tó. Bí ó bá sì jẹ́ ará rẹ ni ó ń tà á, fún un ní ọ̀wọ̀ ìwé kíkọ bí o ti ń fún àlejò. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, ẹ má bẹ̀rù láti sọ àléébù ọjà yín. A lè má rà á lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n a ó mọ ilé yín.

Bọ́ọ̀sì náà yóò lọ sílé ní ìparí ọdún. A bẹ̀ yín, àpò pọ̀tétò kan fún ẹnì kan.