GBÒǸGBÒ TÍ IRÚNÁ Ò LÈ DÉ

*Ìfọkànsìn Òwúrọ̀*
*Ẹ ka:* Jeremáyà 17:7-8, Jóòbù 14:7-9

 

Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò ní Òṣòdì lọ sí Ìlọrin tàbí Kàdúná nígbà ọyẹ́ á ti rí koríko gíga kan lẹ́bàá títì. Àwọn Hausa ń pè é ní gamba, àwa ń pè é ní eruwà. Ó lè ga tó mítà 3. Màlúù ń jẹ ẹ́ nígbà tó bá tutù, wọ́n sì ń fi igi rẹ̀ hun ẹní tí wọ́n fi ń ṣọgbà. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá mú, gbogbo rẹ̀ á gbẹ, iná igbó á sì jó o mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá rí i lọ́jọ́ náà, ẹ ó ní ó ti tán.

Kò tán o! Oríṣi gbòǹgbò mẹ́ta ló ní. Èkíní tàn kálẹ̀ nítòsí òkè ilẹ̀, òun ló ń gba òjò tó bá rọ̀. Èkejì nípọn, ibẹ̀ ló ń tọ́jú oúnjẹ sí. Ẹ̀kẹta lọ tààrà sísàlẹ̀, ó ń wá omi níbi tí oòrùn ò lè dé. Ìdí nìyẹn tó fi lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù 5 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná a jó o tán, kí òjò tó dé, ewé tútù a ti máa yọ.

Jeremáyà ò sọ pé ọdún ọ̀dá ò ní dé. Ó ní tó bá dé, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa ò ní bẹ̀rù, torí gbòǹgbò rẹ̀ ti kan omi. Jóòbù ní tirẹ̀ ń jowú igi tí wọ́n gé lulẹ̀ tó tún rú. Ó rò pé èèyàn ò ní irú ìrètí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a mọ̀ pé Jésù jíǹde, a mọ èsì ọ̀rọ̀ Jóòbù.

Ará, ìsìn ọjọ́ Ìsinmi dára, gbòǹgbò òkè ilẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí a kó sínú ni gbòǹgbò tó ń tọ́jú oúnjẹ. Àdúrà ìkọ̀kọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò rí, ni èyí tó lọ sísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ti òkè nìkan la ní, ọ̀sẹ̀ tí òjò ò bá rọ̀, a ti gbẹ nìyẹn.

Bóyá lándíọ̀ọ̀dù ti fún yín ní nótíìsì, tàbí ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Ìsọlọ̀, tí ojú sì ń tì yín láti wá sí ṣọ́ọ̀ṣì torí kò sówó ọkọ̀. Ewé ló jó, gbòǹgbò ṣì wà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sìnkú yín láàyè.

Ẹ̀yin tí ewé yín ṣì tutù, ẹ pe ẹnì kan lónìí tí ẹ ò rí mọ́. Ẹ má bi í pé kí ló dé tí ò wá sí ìsìn. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.

*Àdúrà:* Olúwa, jẹ́ kí gbòǹgbò mi kan omi Rẹ. Má jẹ́ kí n pe ẹni tí O kò tíì pa tì ní òkú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. A ó pàdé lọ́la. 🙏🏾